Omi Tí Bàbá Ṣakí Kò Mu

Ilé wa ní Bárígà,
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé.

Délé ọmọ mi, Àkànní, ọkọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí búrẹ́dì ni o fi ń tan ara rẹ? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú. Bísí àbúrò rẹ kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹta. Òun náà ló ń bá mi kọ èyí, nítorí o mọ̀ pé èmi àti kálàmù kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kò gbọdọ̀ bù mọ́ ọn.

(Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Bísí ni. Ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ nínú àkámọ́ báyìí, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀, Màmá kò mọ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni mo ka lẹ́tà yín, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta. Ahọ́n mi ti bó.)

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ nínú lẹ́tà rẹ, kí n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ní ní ibùdó iná tí o ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù mẹ́fà yìí, òkúta èédú ni ẹ ń dáná sí lábẹ́ ẹ̀rọ kí iná mànàmáná tó jáde. O ní bí ìlú ṣe le yìí, ọkọ̀ ojúirin tó ń kó èédú wá kì í dé déédéé mọ́, bí ẹ̀rọ bá sì bàjẹ́, ohun tí wọ́n ń pè lówó fún àtúnṣe rẹ̀ láti òkè òkun, etí kò lè gbọ́ ọ. Nítorí náà àwọn ọ̀gá yín fẹ́ kí odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ọgbà yín máa yí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì to dígí tó ń gba oòrùn sórí òrùlé, kí èédú lè máa sinmi díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka tuntun náà, ìwọ àti ènìyàn márùn-ún. Nígbà tí Bísí ka ibẹ̀, mo dìde, mo jó.

(Màmá jó dé Ṣómólú, wọ́n sì jó padà.)

Ṣùgbọ́n o tún ní Bàbá Fọ́máànù, ọkùnrin tó gbà ọ́ sínú yàrá rẹ̀ nígbà tí o kọ́kọ́ dé ìlú tí o kò mọ ẹnì kan, tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ iná ńlá yẹn, kò dá ọ lóhùn mọ́ bí o bá kí i. O ní àwọn àgbà ìdí èédú ń wò ọ́ bí ẹni tó wá gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. O ní o ti pinnu pé o máa dá ìwé ìgbéga náà padà, o máa di ẹrù rẹ, o máa wá sí Bárígà.

Délé, má dá ìwé kankan padà. Má di ẹrù. Wá ibi jókòó sí, kí o gbọ́ tèmi tán ná. Mi ò mọ bí omi ṣe ń di iná. Ṣùgbọ́n ní ti kí ènìyàn fi ìdí èédú sílẹ̀ lọ síbi ohun mìíràn, kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní gbogbo Bárígà. Mo ti ṣe é. Mo ṣe é dáadáa, mo sì ṣe é burúkú. Ìwọ rò pé o mọ ìtàn náà, nítorí pé nígbà tí o ti ibi ìsìnrú ìlú dé, o bá àkàrà iná, ohun ìdáná tuntun wa, lórí òrùlé wa, o sì rẹ́rìn-ín. Ibi tó dùn nìkan ni mo sọ fún ọ nígbà yẹn. Ó tó àkókò kí n sọ ìyókù.

Èkíní, èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ṣómólú, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo sì gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Èédú ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń tà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí mo fi mọ̀ pé tí mo bá da èérún èédú sí ìsàlẹ̀ àpò, èyí tó ti fọ́ wẹ́wẹ́ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, tí mo wá to àwọn tó dára sójú, àpò á kún. Tí mo bá sì wọ́n omi díẹ̀ sí i, á wúwo, ẹni tó bá gbé e wò á máa yìn mí. Mo pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Mo tiẹ̀ ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi.

Alágbàfọ̀ kan wà ní Fádèyí nígbà náà, áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò. Ó ra àpò kan lọ́wọ́ mi. Agbádá funfun ọkọ ìyàwó ló ń lọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí èérún tútù yẹn ṣe gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàà, pàà, ó ń ta jáde lójú ihò áyọ́ọ̀nù, ó ń bà sórí aṣọ. Ihò mẹ́fà ló lu.

(Màmá ní mẹ́fà. Mo gbọ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ sẹ́ ògì, agbádá yẹn tó o.)

Ọkùnrin náà kò bú mi, kò sì gbá mi létí. Ó gbé agbádá náà wá, ó fi kọ́ iwájú ìsọ̀ wa, ó ní ọjọ́ méje ló máa lò níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń béèrè bóyá aṣọ la ń tà báyìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní èmi ni kí n máa dá wọn lóhùn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, mo ti ń jẹ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o má ta oòrùn fún àwọn ènìyàn bí mo ṣe ta èédú fún alágbàfọ̀. Oòrùn máa ń wọ̀. Odò máa ń fà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn kí ojú wọn tó rí i. Èérún tí o bá fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpò, òun ló máa ta jáde lọ́jọ́ tí aṣọ funfun wà nílẹ̀.

Èkejì, má kẹ́gàn ibi tí ọgbọ́n bá gbà wọlé. O rántí ọdún tí àwọn ṣójà ní kí gbogbo wa fún bẹ́líìtì mọ́ra. A fún un títí kò fi sí ihò mọ́ lára bẹ́líìtì. Kẹrosíìnì di ohun tí à ń fi agolo tò fún.

(Agolo tiwa pẹ́ lórí ìlà tó bẹ́ẹ̀ tó fi mọ orúkọ gbogbo ará àdúgbò. Wọ́n ń kí i.)

Ó yẹ kí èédú gbà wá là, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ń gun òkè, igi sì ń jìnnà. O mọ Bàbá Ṣakí, bàbá gíga tó ń ti Òkè-Ògùn kó èédú wá fún mi, tó máa ń gbé ọ jókòó lórí àpò nígbà tí o wà ní kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sun èédú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń gégi. Nígbà tó yá, ó ní òun máa ń rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kí òun tó kan igi tó yẹ ní gígé.

Bísí ló rí ọ̀nà àbáyọ, kì í ṣe pé ó wá a o. Ó máa ń lọ kó ìgékù bébà ní àwọn ilé ìtẹ̀wé Bajulaiye, ó ń tà á fún àwọn ẹlẹ́pà láìsọ fún mi. Ẹ̀yìn ilé ló ń fi pamọ́ sí, nínú ìyẹ̀ pákó tí a kó wá láti sọ́míìlì etí ọ̀sà, tí a fi ń dí ẹrẹ̀ àgbàlá. Òjò wá rọ̀. Bébà àti ìyẹ̀ pákó pò pọ̀ di ohun kan bí ẹ̀bà. Oòrùn ràn, ó gbẹ, ó le bí òkúta. Kàkà kí ó wá jẹ́wọ́, ó kó o sínú àdògán lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà mi kí n má baà rí i. Nígbà tí mo dé, mo fi ọwọ́ kan di etí rẹ̀ mú, mo fi èkejì ṣí ìkòkò. Ẹ̀wà ti jinná, iná ṣì ń jó. Mo fi etí rẹ̀ sílẹ̀.

(Wọn kò tètè fi í sílẹ̀. Títí dòní etí mi òsì gùn ju ọ̀tún lọ.)

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ń rẹ bébà sómi títí á fi rọ̀, a ń pò ó mọ́ ìyẹ̀ pákó, a ń tẹ̀ ẹ́ sínú agolo mílíìkì tí a fi ìṣó lu nídìí, a ń fi igi dá ihò láàárín rẹ̀, a sì ń tú u sórí òrùlé fún oòrùn. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní àkàrà iná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akoka ló kọ́kọ́ ń rà á, nítorí bó bá ti gbẹ dáadáa, èéfín rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ilé wọn kò lè gbóòórùn pé wọ́n ń se ìrẹsì nínú yàrá. Igi tí a bá gé, ó di ìgbà tí ọmọ ọwọ́ bá fẹ́yàwó kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀ pákó àti ìgékù bébà, bí o bá kó o tán lónìí, ọ̀la wà tó ń dúró dè ọ́ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà tuntun náà dára. Mi ò fẹ́ kí o ṣiyèméjì nípa ìyẹn láé. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ dára.

Ẹ̀kẹta wá ni ọ̀rọ̀ pàǹtí. Alàájì onítẹ̀wé kan wà ní Bajulaiye, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó mọ̀wàá hù, ó ní ká máa wá kó ìgékù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni àwọn àpò náà máa ń wà. Bísí lọ, ó rí àpò méjì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ìgékù lóòótọ́. Èkejì jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó tí wọ́n ti tẹ̀ tán, tó ń dúró de olówó rẹ̀. A rẹ ẹ́ sómi. A tẹ̀ ẹ́ sínú agolo. Bébà náà dára púpọ̀, mo tiẹ̀ ń yin Ọlọ́run.

Alàájì wá sílé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó gun àkàsọ̀, ó yọjú sí òrùlé. Orúkọ ìyàwó ń yọ lára àkàrà iná lọ́tùn-ún lósì, Fúnmi níhìn-ín, Fúnmi lọ́hùn-ún. Ó wá bi Bísí pé kí ló dé tí kò béèrè. Bísí ní òun rò pé pàǹtí ni, torí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló wà. Alàájì ní, "Ìwọ náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn nígbà tí mo rí ọ. Ṣé mo gbá ọ dànù?"

(Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá wọn ká ìwé ìpè tuntun. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni mo ká. Mo lọ síbi ìgbéyàwó náà o. Aunty Fúnmi fún mi ní ẹran.)

Mo bẹ àwọn ẹbí ìyàwó títí orúnkún mi fi bó. Wọ́n dárí jì wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Alàájì kò kúrò létí mi. Àkànní, ẹ ó fẹ́ kó èédú kúrò ní ibùdó yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí o tó gbé ohunkóhun lẹ́bàá ilẹ̀kùn pé pàǹtí ni, béèrè. Ogún ọdún tí Bàbá Fọ́máànù fi dúró lójú iná, ohun tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ìgékù bébà.

Ẹ̀kẹrin ni ìdí tí mo fi pe Bísí kó wá mú kálàmù. Ìyókù, bí o bá fẹ́, o lè gbàgbé rẹ̀.

Àkàrà iná gbajà. Láàárín oṣù mẹ́rin, mi ò nílò èédú Bàbá Ṣakí mọ́. Èmi mọ̀. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Aláàárù tó ń bá wa já ẹrù mọ̀. Bàbá Ṣakí nìkan ni kò mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé n ó ránṣẹ́ sí i lọ́la. Awakọ̀ tó ń lọ sí Òkè-Ògùn ń kọjá níwájú mi, ó ń kí mi, mo ń kí i, mi ò rán an. Ojú ń tì mí. Mo ní tó bá rí i pé mi ò béèrè ẹrù, á mọ̀ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, ìyẹn ló burú jù, bẹ́ẹ̀ mi ò la ẹnu.

Lówùúrọ̀ Sátidé kan, lọ́rì rẹ̀ dé. Ogójì àpò.

(Irinwó. Lọ́rì náà ń mí hẹlẹhẹlẹ.)

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń pariwo orúkọ rẹ, "Délé dà, Délé dà," bó ṣe máa ń ṣe, bó tilẹ̀ mọ̀ pé o ò sí nílé. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó rí òrùlé. Ó wo ìsọ̀ mi, kò rí èédú kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo sáré bu omi fún un nínú ife tánganran tó jẹ́ tirẹ̀. O mọ bí ilé wa ṣe rí. Àlejò kì í rojọ́ kó tó mu omi, tó bá sì ti mu ún, a mọ̀ pé inú rẹ̀ mọ́ sí wa. Bàbá Ṣakí fi ọwọ́ méjèèjì gba omi náà, ó dúpẹ́, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó lórí ọ̀kan nínú àpò rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Délé, o ò lè ránṣẹ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjà ló yí padà."

Ó ní, "Mo mọ ọjà. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìwọ ni mi ò mọ̀."

Ó dìde, ó gun lọ́rì rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó. Ẹsẹ̀ mi wà lára mi, ohùn mi wà lọ́fun mi, mi ò lo ìkankan. Mo gbọ́ pé ojú ọ̀nà Ìkòròdú ló ti ta ẹrù náà fún ẹni tó bá sọ iye tó wù ú. Omi yẹn wà nílẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

(Èmi ni mo dà á nù nígbẹ̀yìn, sídìí igi ìbẹ́pẹ wa. Láti ọjọ́ náà igi yẹn kò so mọ́. Màmá ní akọ ni, pé kò so rí.)

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mo wá mú Bísí, mo kó àkàrà iná mẹ́wàá sínú agbọ̀n, a wọkọ̀ lọ sí Òkè-Ògùn. Ẹnu ọ̀nà Bàbá Ṣakí ni mo kúnlẹ̀ sí, mi ò tiẹ̀ wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi ti ọjà bo ojú. Ó ní kí n dìde. Kò mẹ́nu ba ẹ̀bẹ̀ mi rárá. Ó ní kí ni ó wà nínú agbọ̀n.

Ó mú àkàrà iná kan, ó tanná sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn bí dókítà. Ó ní, "Ó ń yára jó jù. Kò ní egungun." Ó lọ sídìí ibi tó ti ń sun èédú, níbi tí òkìtì èérún wà láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò rà. Ó bù ú ní ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó dà á sínú agbọ̀n mi. Ó ní, "Ẹ máa pò ó mọ́ èyí."

Délé, èérún ni. Èérún tí mo ń fi pamọ́ sísàlẹ̀ àpò nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ba agbádá ọkọ ìyàwó jẹ́. Òun gan-an ni egungun tí àkàrà iná mi kò ní. Láti ìgbà tí a ti ń pò ó mọ́ ọn, ẹyọ kan ń se ẹ̀wà, ó ń se ìrẹsì lé e. Ǹ bá má mọ̀ láé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń sá fún ni ìmọ̀ náà wà.

Ó wá mú wa lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó fi kùkùté igi hàn wá, ó lọ súà bí eyín tó kán. Ó ní, "Ó ti rẹ èmi náà. Ẹsẹ̀ mi kò lè lé igi bá mọ́. Ká ní o sọ fún mi ni, à bá ti jọ rò ó." Ohun tó dùn mí jùlọ nìyẹn. Èmi rò pé mò ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ti ń wá ọ̀nà àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnì kan ni kò rí bá sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ó ti wá sí Bárígà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń kó èérún wá, a ń ṣòwò, a ń ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá bu omi fún un, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ń dúpẹ́, ó ń gbé e kalẹ̀. Kò tíì mu ún. Mi ò bi í. Ohun tí mo ṣe ló fà á.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí o máa ṣe. Gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé, lọ bá Bàbá Fọ́máànù. Má lọ bá a níbi iṣẹ́ níwájú àwọn ènìyàn, ilé rẹ̀ ni kí o lọ. Dọ̀bálẹ̀. Bí àṣà wọn níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò sí ìlú tí ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ kò yé. Sọ fún un pé ìwọ ló yẹ kó o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, àwọn ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Má sọ pé ayé ló yí padà. Ó mọ ayé. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí iná èédú mọ̀ tí oòrùn àti omi kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn náà kí o bẹ̀ ẹ́ kó wá ṣe ẹni keje yín. Iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kò wu ẹnikẹ́ni kó dà bí iná. Fi hàn án pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Bí o bá bu omi fún un bí ọmọ ilé tó sì gbé e kalẹ̀, má dìde. Kó bú ọ, má dìde. Kó kọ ẹ̀yìn sí ọ, jókòó síbẹ̀. Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyẹn. Mo jẹ́ kó gun lọ́rì.

Mo fi àkàrà iná méjìlá ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mẹ́fà ni kí o fi se oúnjẹ, búrẹ́dì ti tó. Mẹ́fà yòókù, gbé e fún ìyàwó Bàbá Fọ́máànù. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun lórí rẹ̀ ná, kí o tó dárúkọ oòrùn.

Ọlọ́run tó dá oòrùn tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa á máa ṣọ́ ọ.

Èmi ni, tí ọwọ́ mi ṣì dúdú, tí mo fi ń gbàdúrà fún ọ láràárọ̀,
Ìyá rẹ.

Bọ̀ọ̀dá Délé, kò sí àkámọ́ mọ́ báyìí, nítorí Màmá ló ní kí n kọ èyí fúnra mi.

Bí mo ṣe fẹ́ lẹ àpò ìwé pọ̀, lọ́rì Bàbá Ṣakí dúró níta. Wọ́n kó èérún wá. Mo yára fi lẹ́tà pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi. Màmá ní kí n mú un jáde, kí n kà á sí Bàbá Ṣakí létí kó tó lọ, pé òun kì í sọ̀rọ̀ ènìyàn lẹ́yìn mọ́. Mo ní gbogbo rẹ̀? Wọ́n ní gbogbo rẹ̀.

Mo kà á, mo sì fo àwọn àkámọ́ mi, torí pé èmi náà fẹ́ràn ẹ̀mí mi. Bàbá Ṣakí jókòó lórí àga onípákó, wọ́n di ojú. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi etí aṣọ nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Nígbà tí mo dé ibi ogójì àpò, Bàbá Ṣakí la ojú, wọ́n ní, "Méjìdínlógójì ni. Méjì já lọ́nà." Wọ́n tún di ojú. Mo ka ibi ẹ̀bẹ̀, mo ka ibi egungun, mo ka ibi tí Màmá ti ní kí ẹ má dìde. Mo parí rẹ̀. Adìyẹ tó ń kọjá gan-an dúró.

Bàbá Ṣakí wá ní, "Sọ fún Délé pé tó bá di ọjọ́ ọdún, kó mú Fọ́máànù yẹn dání wá. Mo fẹ́ bi í bí wọ́n ṣe ń sun òkúta." Wọ́n wá yíjú sí Màmá, wọ́n ní, "Ìyá Délé, òùngbẹ ń gbẹ mí."

Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n mu ife omi mẹ́wàá. Màmá tó ń gbọ́ bí mo ṣe ń pè é síta ní kí n pa mẹ́wàá rẹ́, pé ẹyọ kan ni. Ó dára, ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n wọ́n mu ún tán.